Àwọn Bàbá Tí Wọn Ò Mọ Orin

Ọmọ dáadáa ni Hameedah ọmọ Làtíìfù, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú. Ó ń kírun, ó ń kúnlẹ̀ kí bàbá àti ìyá rẹ̀ láàárọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá sì ra iṣu ní ọjà Rye Lane ní Peckham, nílùú òyìnbó, òun ló ń gbé e délé láìráhùn. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kan tó dì sínú sí bàbá rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ọ́ jáde, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rín lẹ máa rí lójú rẹ̀, inú lẹ ò ní rí.

Ọ̀rọ̀ fáólìnì, gòjé àwọn òyìnbó, ni. Olùkọ́ kan kó fáólìnì kéékèèké wá sí kíláàsì wọn lọ́jọ́ kan, ó ní ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè gbé ọ̀kan lọ sílé, ọ̀fẹ́ ni, kí òbí rẹ̀ ṣáà ti gbà. Hameedah gbé tirẹ̀ délé tayọ̀tayọ̀, ó tiẹ̀ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó rántí bọ́ kóòtù. Bàbá rẹ̀ wo àpótí tí fáólìnì náà wà nínú rẹ̀, ó wo ọmọ, ó ní, "Ilé yìí kì í ṣe ilé onílù. Dá a padà fún wọn lọ́la." Kò pariwo, kò sì ṣàlàyé. Ọmọ náà dá a padà. Tòún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, gbé tirẹ̀ lọ sílé, àwọn òbí rẹ̀ sì gbà fún un. Láti orí fáólìnì ni Tòún ti bọ́ sídìí kíbọ́ọ̀dù, títí tó fi di pé òun ló ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lójú Old Kent Road, nínú ilé tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Gbogbo ìgbà tí Hameedah bá rí ìka Tòún lórí kíbọ́ọ̀dù, nǹkan kan máa ń ta á láyà. Ó fẹ́ràn Tòún dénú o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ gbé fáólìnì.

Nígbà tí Hameedah wá dé ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ nípa bí ọpọlọ ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí kálukú mú ohun tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó bá ti kọ́ orin máa ń tètè mọ nǹkan lára ju ẹni tí kò kọ́ ọ lọ, àti bóyá ọwọ́ rẹ̀ máa ń yára dáhùn jù ú lọ. Dókítà Bernice, olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bí iṣẹ́ yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun á gba Hameedah sọ́dọ̀ kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn ìdánwò. Bí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹlòmíì ló máa gba àyè náà. Hameedah fẹ́ àyè náà bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ṣe ń fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí kò sọ fún Bernice. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà yọrí kó lè gbé e síwájú bàbá rẹ̀, kó wá sọ pé, "Daddy, ẹ wo ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é kò le. Èèyàn á gbé ìka ọwọ́ òsì lé àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Nígbà tó bá wu àpótí náà, á gbọ̀n díẹ̀. Bí ìka bá ti mọ̀ ọ́n lára, kí ọwọ́ ọ̀tún tẹ bọ́tìnì kíá. Wọ́n á ti fi nǹkan bo etí rẹ̀, tí á máa hó ṣàà bí òjò, kí etí má baà ran ìka lọ́wọ́. Gbígbọ̀n náà á sì máa fúyẹ́ sí i, títí ìka ò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́, Hameedah kọ́kọ́ dán an wò lára ara rẹ̀. Èsì tó jáde yára débi pé ó sáré pe Bernice pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Bernice dán an wò, kò rí ohun tó ṣe é. Ó ní, "Ìwọ lo tò ó. Bóyá ara rẹ ti mọ ìgbà tó ń bọ̀ wá gbọ̀n ni. Má ka tìrẹ mọ́ wọn." Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku kó wá èèyàn. Tòún ló bá a kó àwọn tó mọ orin wá, àwọn ìyá àti bàbá tó ti pẹ́ nídìí kíbọ́ọ̀dù, jìtá àti ìlù ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì lójú Old Kent Road. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré iṣẹ́ wọn o. Pásítọ̀ á wà láàárín ìwàásù, kò ní wí fún ẹnì kan, á ṣàdédé gbé orin lẹ́nu, ohùn tó bá sì wù ú ni á fi gbé e. Kí ìjọ tó gbà á, onídùùrù gbọ́dọ̀ ti bá a níbi tó lọ. Ẹni tó bá pẹ́, ojú gbogbo ìjọ á yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Hameeds, I swear down," ni Tòún wí, "tí mo bá miss key yẹn, Pastor á wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fún Eve ní apple."

Ní ti àwọn tí kò mọ orin, Bernice ní kí ọjọ́ orí wọn bá ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dọ́gba, kí wọ́n jọ jẹ́ ará àdúgbò kan náà, kí ó má sí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ju orin lọ. Hameedah rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn wá ẹni tí orin kò bá tan ní gbogbo Peckham, ibo ni á tún forí lé bí kò ṣe mọ́ṣáláṣí bàbá rẹ̀? Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó dúró ti àwọn bàbá ní yàrá ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti kọ́ orin rí? Any musical training at all, láti kékeré?"

Alhaji Yaqub ló kọ́kọ́ bi. Ọkùnrin yìí àti Làtíìfù jọ dàgbà ní Mushin ni, àgbàlagbà tó kórìíra ẹ̀gàn, tó ń tún fóònù ṣe ní Rye Lane. Ó la ojú sílẹ̀. "Èmi? Orin kẹ̀! Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí Lèmọ́mù lé mi jáde ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń bi wọ́n ni wọ́n ń mirí. Nígbà tó kan bàbá rẹ̀, kò tiẹ̀ jẹ́ kó béèrè tán. "Kò sí olórin nínú ìran wa, o ti mọ̀," ó ní. Hameedah mọ̀ dáadáa.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n ṣe. Ìka wọn ń tètè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ wọn ń yára. Àwọn bàbá mọ́ṣáláṣí náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ń fẹ̀sọ̀ tẹ bọ́tìnì bí ẹni tó ń tẹ agogo ilé àna. Lẹ́yìn náà ni Alhaji Yaqub jókòó, nǹkan sì dàrú. Kó tó di pé Hameedah fúnra rẹ̀ rí i lójú kọ̀ǹpútà pé àpótí ti gbọ̀n, Yaqub ti tẹ bọ́tìnì. Àwọn kan tó tẹ̀lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan Làtíìfù, ó gbé ìka lé e, ó dijú, èèyàn á rò pé ó ń tòògbé ni, nítorí láti ibi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń wà ló ti wá tààrà. Àpótí náà ń gbọ̀n, ó ń tẹ̀ ẹ́. Gbígbọ̀n náà fúyẹ́ kọjá ibi tí ìka Tòún ti sọ pé òun ò mọ nǹkan kan mọ́, bàbá náà ṣì ń tẹ̀ ẹ́, kò sì ṣì í tẹ̀.

"Your dad's a wizard, innit," ni Tòún sọ nígbà tó rí i. Hameedah ò rẹ́rìn-ín.

Bernice wo gbogbo rẹ̀, ó fara ti àga. Ó ní, "Ìpín méjèèjì ti di ọ̀kan náà. Bó ṣe wà yìí, iṣẹ́ yìí ò lè dúró. Nínú méjì, ọ̀kan ló ṣẹlẹ̀. Bóyá orin ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, tàbí kó jẹ́ pé o ò mọ àwọn èèyàn tó o mú wá." Kò sọ ọ́ tìkàtìkà, ó tiẹ̀ fi tíì lọ̀ ọ́. Ó ní kó lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí àyè ò sí mọ́ láti tún wá àwọn míì. Hameedah jáde, ó ń bínú. Òun tí ọ̀kan nínú wọn bí, báwo ni òun ò ṣe ní mọ̀ wọ́n?

Ibi tí inú rẹ̀ gbé e lọ ni pé àwọn bàbá wọ̀nyí ti gbìmọ̀ pọ̀. Ó ní Yaqub tó ń tú fóònù palẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ àṣírí ẹ̀rọ náà, ó sì ti ta àwọn yòókù lólobó. Bó ṣe délé, bàbá rẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé Uncle Yaqub sọ nǹkan kan fún yín before the test?"

"Bíi kí ni?"

"Like how to know ìgbà tó fẹ́ gbọ̀n. Torí kò possible, Daddy. Ẹ yára ju àwọn tó ti ń play láti kékeré lọ."

Làtíìfù gbé bàtà kalẹ̀. "Hameedah. Mo dé láti shift báyìí, o ń bi mí bóyá mo cheat? Mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Wọn ò pè mí lólè rí."

"Mi ò pè yín lólè…"

"Kí lo wá pè mí?"

Ó yẹ kó bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé inú láti ọdún gbọọrọ kì í béèrè ọ̀nà kó tó jáde. "Ẹ gba violin lọ́wọ́ mi," ni Hameedah wí. "Ẹ ò sọ ìdí. Ẹ kàn ní kí n dá a padà. Everything I'm doing at uni, torí ẹ̀ ni. Iṣẹ́ yẹn ò tún wá ní yọrí, ẹ̀yin náà lẹ tún bà á jẹ́."

Bàbá rẹ̀ wò ó títí. "O ṣì rántí àpótí yẹn?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin náà wọlé lọ ṣe àlùwàlá. Àsúmáù, ìyá Hameedah, wà nídìí sítóòfù, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn dín iná ọbẹ̀ kù.

Báyìí ni oṣù ààwẹ̀ ṣe bá wọn nílé, tí bàbá àti ọmọ ń kíra wọn bí àlejò. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí jọ ń ṣínu pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àwọn ìyá ń bu ọ̀gì àti mọ́ínmọ́ín, Hameedah ń gbé dàbínù kiri nínú àwo. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Ẹ mọ bí ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ṣe máa ń rí lára ẹni tó gbààwẹ̀: oúnjẹ wà níwájú, ẹnu ò gbọdọ̀ kàn án, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu, ọwọ́ ò sì rí iṣẹ́ ṣe. Àwọn bàbá jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, wọ́n ń wo ògiri.

Ìka Alhaji Yaqub ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lára kúlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò le, ó ń dún kọ́-kọ́-kó, ojú rẹ̀ wà lára aago. Bàbá kan ní òdìkejì ń fi ṣíbí lu fíláàsì. Làtíìfù gbé àtàǹpàkò méjèèjì sí etí tábìlì, ó sì fi ìlù tirẹ̀ wọlé sáàárín tiwọn. Kò sí ẹni tó wo ẹnì kejì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìlù náà yí padà. Kò sí ẹni tó ní kó yí, kò sí ẹni tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn yí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n so ọwọ́ wọn pọ̀. Hameedah dúró sójú kan, àwo dàbínù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn tó ń ṣe é. Yaqub ni. Bàbá rẹ̀ ni. Àwọn tí ọwọ́ wọn yára lórí ẹ̀rọ náà ni, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fẹ̀sọ̀ tẹ bọ́tìnì jókòó jẹ́ẹ́ tiwọn.

Wọ́n pe ìrun. Gbogbo ọwọ́ náà dúró lójijì, wọ́n sì nawọ́ sí dàbínù bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, tí oúnjẹ ti ń wọ ikùn, Hameedah lọ dúró ti bàbá rẹ̀. "Daddy, kí lẹ ń ṣe lórí table lẹ́ẹ̀kan?"

"Èwo?" Làtíìfù wo tábìlì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ, Ọlọ́run ló mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n.

Àsúmáù ló bú sẹ́rìn-ín, omi fẹ́ẹ̀ pa á lórí. "Wọ́n ń jí wa fún sààrì ni! Ọmọ mi, gbogbo Mushin lo rí lórí table yẹn."

"Wọ́n ń ṣe kí ni?"

"Ajísààrì. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, kò sí alarm lórí phone o. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń jáde ní ìdájí nínú ààwẹ̀, wọ́n á máa ti ojúlé dé ojúlé, àwọn kan á gbé agogo, àwọn kan ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa jí èèyàn kó dìde jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Agídìgbo ni bàbá ẹ ń ta." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ìtìjú díẹ̀ dé sí i lójú bí ẹni pé ọmọge ni. "Mo máa ń ti jí tẹ́lẹ̀. Màá wá díbọ́n pé mo ń sùn, kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wa."

"Irọ́ lò ń pa," ni Làtíìfù wí.

"Kí n má rí omi ṣínu lọ́la tó bá jẹ́ irọ́."

Hameedah ò tíì lè rẹ́rìn-ín. "But mo bi yín! Gbogbo yín! Mo ní ṣé ẹ ti kọ́ orin rí, ẹ ní rárá!"

"Rárá náà ni," ni Alhaji Yaqub dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. "Orin wo lo wá rí níbẹ̀? Àwọn olórin wà lọ́tọ̀, àwọn tí wọ́n ń náwó fún lóde. Àwa ń jí àwọn ẹrúsìn Ọlọ́run ni. Ta ló ń pe ìyẹn ní musical training?"

"Ṣé ẹ máa ń practise?"

"Ha! Kí ààwẹ̀ tó dé la ti ń múra. Ẹ̀gbọ́n mi Roqeeb ló ń kọ́ wa. Tó bá yí ìlù tí ọwọ́ ẹ pẹ́ báyìí, ṣíbí á ti bà ẹ́ ní kókó ìka."

Làtíìfù nawọ́, ó wo ìka rẹ̀ bí ẹni tó ń wá àpá ṣíbí náà. "Ariwo agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò lè gbọ́ agídìgbo mi," ó ní. "Àpótí onígi ni, Hameedah, wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn lójú. Mo sunkún fún ẹ̀gbọ́n Roqeeb pé mi ò gbọ́ ohun tí mò ń ta. Ó gbé àpótí náà, ó fi tì mí níkùn. Ó ní, 'Má fi etí wá a. Fi ikùn àti ìka wá a.' Láti ọjọ́ náà, mi ò tún ṣìnà mọ́. Títí di òní, tí engine bọ́ọ̀sì bá fẹ́ ṣàìsàn, ìka mi lórí steering ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà rí kó tó kú."

"Ọlọ́run á kẹ́ ẹ," ni ẹnì kan wí.

"Àmín," ni gbogbo wọn dáhùn. Yaqub fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni," ó ní. "Olè la jẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi Roqeeb, a dúpẹ́ o."

Làtíìfù wá fa àga kan fún ọmọ rẹ̀. "Bàbá mi ò fẹ́ rárá. Ó ní òun ò bí onílù. Torí pé sààrì ni, ó dijú sí i, àmọ́ ọjọ́ tí ààwẹ̀ bá ti parí, agídìgbo gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tó o gbé violin yẹn wọlé, ohùn bàbá mi ló jáde lẹ́nu mi. Mi ò tiẹ̀ ronú. Má bínú sí mi, Hameedah."

Ó yẹ kí inú ọmọ náà yọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò yọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo, ìbínú tó ti pẹ́ kì í lọ nítorí pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. "So ẹ̀yin ní tiyín," ó ní, omi ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ ní Uncle Roqeeb. Èmi ò ní nǹkan kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Àsúmáù ni. "Ìwọ, nígbà tó o wà ní kékeré, báwo ni bàbá ẹ ṣe ń jí ẹ?"

Hameedah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Torí pé ó rántí. Olóorun líle ni nígbà tó wà lọ́mọdé. Kí bàbá rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á wọ yàrá rẹ̀, á fi ìka lu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìlù kan. Hameedah ò gbọdọ̀ lajú. Ìka rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dá ìlù náà padà lára pákó bẹ́ẹ̀dì. Bàbá á tún lu òmíràn, á yí i láìròtẹ́lẹ̀, kí òun náà sì yí i. Bó bá pẹ́, bàbá á ká aṣọ ìbora kúrò lára rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ òtútù Peckham láàárọ̀ á mọ̀ pé kò sí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Lójoojúmọ́ ni, kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ rárá, títí tó fi ní fóònù tó ń jí i. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí ó rò pé gbogbo bàbá ló ń jí ọmọ bẹ́ẹ̀.

Làtíìfù gbé àtàǹpàkò sórí tábìlì, ó lù ú. Hameedah ò tíì pinnu nǹkan kan tí ìka rẹ̀ fi dáhùn. Bàbá yí i. Ó yí i pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá tún yí i, kíákíá, ìyí olóríkunkun kan tó jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi dán an wò, ìka ọmọ náà sì ti wà níbẹ̀ ná.

"Ha-háà!" Alhaji Yaqub fò dìde. "Ọmọ ajísààrì!"

Gbogbo gbọ̀ngàn ló yíjú wò wọ́n. Hameedah ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rántí ẹ̀rọ tí òun sọ pé ó bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Bernice ti sọ pé Hameedah ò mọ àwọn èèyàn tó mú wá, òótọ́ ló sọ, ó sì yẹ kó ka Hameedah fúnra rẹ̀ mọ́ wọn.

Ó padà sọ́dọ̀ àwọn bàbá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìbéèrè tuntun bi wọ́n: nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ṣé ẹ ti bá wọn jí èèyàn fún sààrì rí? Ojú wọn ń tàn bí wọ́n ṣe ń dáhùn, òmíràn ò jẹ́ kó lọ bọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Bernice, bó ṣe ṣìnà àti bó ṣe rí ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ajísààrì sọ́dọ̀ àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì, ìpín méjèèjì yà sọ́tọ̀ kedere. Bernice ní èèyàn ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé orin ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí Hameedah sì máa múra láti wá sọ́dọ̀ òun. Ó wá wò ó lójú. "Ìwọ náà ńkọ́? Ìpín wo ni ká fi ọ́ sí?"

"Ti bàbá mi," ni Hameedah wí.

Nígbà tó délé, ó gbé iṣẹ́ náà síwájú Làtíìfù bó ṣe ti pinnu láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tó ti tọ́jú fún ọjọ́ náà ò wúlò mọ́, kò sì tíì rí òmíràn tó lè rọ́pò rẹ̀. Bàbá náà ṣí i, ó ń wò ó, ó ní gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ pọ̀, òun á kà á lọ́jọ́ tóun ò bá ní shift. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, tí ààwẹ̀ ò tíì parí, Hameedah ló kọ́kọ́ jí. Ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn òbí rẹ̀. Kò pè wọ́n. Ó fi ìka lu ilẹ̀kùn, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ìlù tí wọ́n fi ń jí òun. Kò pẹ́ tí ìlù náà fi dáhùn láti ara pákó bẹ́ẹ̀dì. Ó yí i, bàbá bá a yí i. Bàbá tún yí i, Hameedah lé e bá.

"Ẹ ṣé, Daddy," ó sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣé gan-an. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín rí."

Bàbá rẹ̀ tún fi ìka lu pákó náà lẹ́ẹ̀kan.

"O pẹ́ níbi tí mo ti yí i kẹ́yìn yẹn," ó ní.

"Ẹ jáde wá jẹun, ẹ̀yin méjèèjì," ni Àsúmáù wí nínú òkùnkùn. "Èmi ti jí tẹ́lẹ̀."